Kọ́kọ́rọ́ Inú Àga

Ẹni tí ìyà jẹ tí kò gbàgbé, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò dà: yóò di aláàánú, tàbí kó di ejò. Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé kò mọ èwo ni òun dà, títí ilẹ̀kùn fi tì mọ́ ọn.

Aláìgbàgbé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Ó lè sọ iye òpó iná tó wà lójú ọ̀nà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn: mọ́kànlélógójì ni, mẹ́fà péré ló ń tàn. Ó rántí àwọ̀ bàtà tó já lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ó rántí ohun tí olùkọ́ wí nígbà tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan wọlé: "Ṣé ìdajì ìwé ẹ̀rí lo fẹ́ gbà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó rántí ẹni tó rẹ́rìn-ín jù, ó sì mọ àdúgbò tí onítọ̀hún ń gbé lónìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ náà ń kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ ikọ́ ọmọdé kó sì sọ àìsàn tó wà nídìí rẹ̀. Ikọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí àwọn ilé ìwòsàn gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó fún ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́ láìdúró. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ nínú yàrá tútù kan tí kò ní fèrèsé, tí iná funfun rẹ̀ kì í kú. Ẹ bá mi fọkàn sí bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti orí ọ̀kan; òdo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, 0 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó tẹ̀ lé e, 1. Ẹ̀kẹta, 2. Ẹ̀kẹrin, 3. Bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí ìlà.

Ọdún mẹ́jọ ni Aláìgbàgbé fi ṣe igbákejì Olórí Ẹ̀rọ, bàbá kan tí orúnkún ń dùn. Lọ́jọ́ tí bàbá náà fẹ̀yìn tì, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn àga aláwọ dúdú tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, àga tí awọ rẹ̀ ti ya lápá òsì tí fóòmù sì ń yọjú, ó ní, "Ìwọ ló kàn."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri.

"Akọ̀wé, kí lèyí?"

"Ìkéde ni, ọ̀gá. Wọ́n ń wá Olórí Ẹ̀rọ."

"Wọ́n ń wá a? Ó sọ nù ni?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà. Èmi kàn ń lẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kọ̀wé, méjì ló kù: ìwọ àti obìnrin kan tó ń lo gíláàsì ojú, tó ń bọ̀ láti ìta. Ní Ọjọ́bọ̀, a ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ méjì jẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tún tirẹ̀ ṣe ló ni ọ́fíìsì yẹn."

"Ọdún mẹ́jọ, ọ̀gá."

"Ọdún kì í tún ẹ̀rọ ṣe."

Aláìgbàgbé jáde. Kò bínú, kò kígbe. Ó kàn fi gbólóhùn náà kún àwọn tó ti wà nílẹ̀.

*

Ọ̀sán gangan ló lọ bá bàbá kan tó jẹ́ agékọ́kọ́rọ́.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá náà há sí àárín ilé onígbàjámọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ya ẹ̀dà ìwé. Kọ́kọ́rọ́ rọ̀ lára ògiri rẹ̀ bí ewé. Ó pẹ́ tí Aláìgbàgbé ti ń gbọ́ ọ létí pé kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan ni bàbá náà ń tì.

"Ilẹ̀kùn ni àbí ẹnu?" Bàbá náà kò dá irin tó ń fá dúró.

"Kí lẹ wí, bàbá?"

"Àwọn kan ń wá nítorí ilẹ̀kùn, àwọn kan ń wá nítorí ẹnu ìyàwó wọn. Ojú tìrẹ kò jọ ti ilẹ̀kùn."

"Iyè ni, bàbá. Iyè ènìyàn."

Irin dákẹ́. "Pa ilẹ̀kùn dé."

Ó pa á dé. Oòrùn ń jó ìta gidigidi, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ṣe tì, òtútù tó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù náà kò yàtọ̀ sí ti yàrá ẹ̀rọ.

"Orúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi pamọ́ fún wa."

"Orúkọ ìyá rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ ti yàrá, o ò mọ ilé."

"Ṣùgbọ́n mo lè mọ ẹ̀rọ tó máa lò. Kó tó lè fi ẹ̀rọ náà ṣe ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i."

"Ẹ̀rọ náà ń béèrè orúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé?"

"Lójoojúmọ́, bàbá."

Bàbá náà gbé irin tó ń fá sílẹ̀. "Nǹkan kan ń béèrè orúkọ yín lójoojúmọ́, ẹ sì ń dá a lóhùn," ó ní. "Ẹ tún wá ń wá èmi wá kí n dẹ́rù bà yín."

Ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ tábìlì. Àgàdágodo tó mú jáde kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó fi òwú dúdú wé e ní ìgbà méje, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Ilẹ̀kùn tí a tì kì í bi àlejò léèrè.
Omi tó ti ṣàn lọ kì í rántí orúkọ àpáta.
Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ tó fi orúkọ ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́,
kí iyè rẹ̀ di yàrá tí kò ní fèrèsé."

Ó tẹ̀ ẹ́. *Ká.* Ohùn náà kéré, síbẹ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ara ògiri mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Fi sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí yóò lò. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Mo gé kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n èyí, n kò lè gé èkejì rẹ̀. Fi pamọ́ síbi tí ìwọ nìkan mọ̀. Má kọ ibẹ̀ sílẹ̀, má sọ ọ́ fún aya. Bí ó bá di pé o fẹ́ ṣí ohun tí a tì, òun nìkan ló lè ṣí i, ọjọ́ méje péré ló sì ní. Tó bá kọjá méje, ilẹ̀kùn ti di ògiri."

"Tí mo bá wá gbàgbé ibi tí mo fi sí ńkọ́?" Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Bàbá náà kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá," Aláìgbàgbé ní. "Èmi kì í gbàgbé."

Ó na owó sí i, bàbá náà kò gbà á. Èyí ni ìbá ti bà á lẹ́rù.

*

Ní ìpẹ̀kun kejì ìlú náà, obìnrin onígíláàsì náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, òógùn lójú. Ó yí i sọ́tùn-ún, kò gbà. Ó yí i sósì, kò gbà. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ló dé bá a níbẹ̀.

"Kí lo ń ṣe níta?"

"Kọ́kọ́rọ́ yìí ni, Màámi. Òní ló di ọjọ́ kẹta tó ti ń kọ̀."

Ìyá náà gbà á, ó tì í bọ ihò, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti ń dúró dè é. Kò wọlé. Ó dúró, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà.

"Ta lo ń bá du nǹkan?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Ìdánwò iṣẹ́ ni, ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ kì í kọ̀ lọ́wọ́ onílé lásán."

"Màámi, ó ti dógùn-ún ni. A ó fi epo sí i."

"Fi epo sí i. Ṣùgbọ́n wá jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀."

Ìyá náà wẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú ọpọ́n bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ohun tó wà nínú omi náà, ọmọ kò béèrè, ìyá kò sọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní:

"Nǹkan méjì. Bí o bá ń wọ yàrá yẹn, ẹ̀yìn ni kí o fi wọ̀ ọ́. Ohun tó bá ń dúró dè ọ́, ìpàkọ́ rẹ ni kó rí, kó má mojú rẹ."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Èkejì: bí Ọlọ́run bá fún ọ níṣẹ́ náà, àga tí o bá bá níbẹ̀, má ṣe jókòó lé e. Jẹ́ kí wọ́n gbé e dà nù."

"Kí ló wà nínú àga, Màámi?"

"Ṣé mo ti débẹ̀ ni? Nu ẹsẹ̀ rẹ."

*

Ní Ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, Aláìgbàgbé gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì akọ̀wé kọjá. Ìwé ètò ìdánwò wà lábẹ́ ife tíì. Apá ibi tó yọ síta kò ju ìlà kan lọ: *Onígíláàsì, ẹ̀rọ 3.*

Ó na ọwọ́ láti sún ife náà kí ó lè rí ìyókù, ó sì gbọ́ ìró bàtà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọjá lọ.

Ẹ̀rọ 3. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Akọ̀wé ló kọ ọ́, akọ̀wé kì í sì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Òǹkà inú ilé ló mọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Òun àti agbálẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tí yóò pè ní ẹ̀ta ni èyí tí nọ́ńbà 2 wà lára rẹ̀. Aláìgbàgbé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe fún àlejò àti fún àwọn tó ń tún amúlétutù ṣe. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ó pa kámẹ́rà yàrá ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó wọlé. Àwọn ẹ̀rọ ń kùn bí oyin tó wà nínú ihò jíjìn. Ó rìn kọjá 0, ó kọjá 1, ó tẹrí ba sẹ́yìn 2, ó sì ki àgàdágodo kékeré náà sáàárín àwọn wáyà.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kúrò lára rẹ̀, ọmọdé kan húkọ́.

Ó fò sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ara ògiri ni, ọ̀kan nínú àwọn ikọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ikọ́ gbígbẹ, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà wò. Wọn kò so ó mọ́ iná.

Ó jáde kíákíá. Ọ́fíìsì Olórí Ẹ̀rọ ṣófo, àga aláwọ dúdú wà níbẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà sínú fóòmù tó ń yọjú lápá òsì, ó fi ìka méjì tì í wọlé jìnnà. Ta ni yóò wá a débẹ̀? Lọ́la, orí rẹ̀ gan-an ni yóò jókòó lé. Ó gbá ẹ̀yìn àga náà bí Olórí Ẹ̀rọ àtijọ́ ti gbá a.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn dúró sínú yàrá tútù: Ọ̀gá Àgbà, akọ̀wé, àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó fẹ́ wòran. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀yìn ènìyàn ló sì kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin onígíláàsì náà ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi dé àárín yàrá kó tó yíjú padà.

"Sìstá, jíà ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọlé níbi tí ẹ ti ń bọ̀?" òṣìṣẹ́ kan ní. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ má bínú," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín. "Màámi ló rán mi."

Aláìgbàgbé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó kù.

Akọ̀wé ka ìwé rẹ̀. "Ẹ̀yin onígíláàsì, ẹ̀rọ yín rèé." Ó rìn kọjá ẹ̀rọ mẹ́ta, ó fọwọ́ lé ẹ̀kẹrin, èyí tí nọ́ńbà 3 wà lára rẹ̀. "Ọ̀gá Aláìgbàgbé, 2 ni tiyín."

Ó wo nọ́ńbà náà. Ó wo akọ̀wé. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "O kà á bí ó ṣe wà lára wọn?"

"Báwo ni kí n tún ṣe kà á?"

"Ẹ̀ta… ìwọ… láti ẹnu ọ̀nà…"

"Àh, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi." Akọ̀wé kò gbé ohùn sókè. "Ṣé ẹ gbàgbé ni? Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí agbálẹ̀ nu ẹ̀rọ kejì, mo kà á bí a ṣe ń ka iṣu, ó sì lọ pa èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú mi dúró síwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ ní kí n máa kígbe: òdo, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ ní kí n tún un kà. Mo kà á títí omijé fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣì í kà mọ́."

Aláìgbàgbé wá ọjọ́ náà nínú ara rẹ̀. Ó wá a bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpótí tó mọ gbogbo igun rẹ̀. Bàtà tó já wà níbẹ̀. Òpó iná mọ́kànlélógójì wà níbẹ̀. Omijé akọ̀wé kò sí níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí rí.

"Ọ̀gá Àgbà," ó ní, "mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n lo òmíràn."

"Kí ló ṣe 2?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí lo wá mọ̀ nípa rẹ̀ tí àwa kò mọ̀? O pa kámẹ́rà lánàá, àbí n kò rí i nínú ìwé?"

Gbogbo ojú yí sí i. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ ká pààrọ̀…"

"Kò sí pààrọ̀," Ọ̀gá Àgbà ní. "Jókòó, tàbí kí o jáde. Bí o bá jáde, o ti jáde nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró ní ọdún mẹ́jọ lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, ẹ ó mọ ohun tó rò. Ó rò pé wákàtí mẹ́ta péré ni ìdánwò náà. Ó rò pé kọ́kọ́rọ́ wà, inú àga ni, apá òsì, inú fóòmù. Ó tún un sọ nínú ara rẹ̀: àga, apá òsì, fóòmù. Bí mo bá ti ṣe tán, n ó lọ mú un. Ta ni yóò gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ ìdí ara rẹ̀?

Ó jókòó. Ẹ̀rọ béèrè orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́.

*Ká.*

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó rí ibi tí wọ́n ti ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ó mọ ohun tó kàn. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó mọ̀ pé ohun kan kàn. Ó ń dúró de ìka rẹ̀ kí wọ́n ṣe é, bí wọ́n ti máa ń ṣe é, ìka rẹ̀ náà sì ń dúró dè é.

Ó padà sẹ́yìn láti gba agbára níbi tó ti máa ń gbà á. Òpó iná lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alẹ́: mọ́kàn… Wọ́n pọ̀. Wọ́n tò lọ, wọ́n ń kú níkọ̀ọ̀kan. Bàtà kan já. Ta ló ni bàtà náà? Olùkọ́ kan la ẹnu, kíláàsì la ẹnu, kò sí ohùn tó jáde. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta ló tó délé, ọjọ́ náà dìde lọ́kàn rẹ̀, ó kí i, ó sì jáde.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé: ó dùn mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ igi tó ti rù láti kékeré kalẹ̀ fún un. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Akọ̀wé tó ń wò ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò rí lójú rẹ̀ rí, akọ̀wé sì fà sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ obìnrin náà padà bọ̀ sípò ní wákàtí méjì dín díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Aláìgbàgbé náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dìde ni ẹ̀rù tó bà á, nítorí ó mọ̀ pé ibì kan wà tó yẹ kí òun lọ kíákíá. Ohun kan wà tó yẹ kí òun mú. Ó dúró láàárín yàrá funfun náà, ó ń la ọwọ́, ó ń pa á dé.

Lókè orí rẹ̀, ọmọdé kan húkọ́.

*

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ni. "Bàbá wọn, iṣẹ́ kì í tán láyé," ó ní. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ibi tí àwọn ọmọ méjì tó wà nílé ti wá.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde láìwọ bàtà. Wọ́n rí i ní oríta tó lọ síbi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó dúró síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ojú ọjọ́ fi rọ̀, ó ń wo apá ọ̀tún, ó ń wo apá òsì. Ẹni tó bá bi í léèrè, ohun kan náà ló ń wí fún un: "Mo fẹ́ lọ rí bàbá kan." Bàbá wo? "Ó ní… ó ní nǹkan lára ògiri." Agékọ́kọ́rọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Ó rí i. Ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ keje, obìnrin onígíláàsì wá sílé wọn, ó mú àpò kékeré kan dání. Ìyàwó gbé àga fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ dákun, mi ò wá dà yín láàmú. Àwọn ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹ̀rọ kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ aṣínà kan ló tì wọ́n pa, wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Tí a kò bá rí i ṣí, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ta ni yín?"

Obìnrin náà bojú wo ilẹ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀. "A rí èyí lẹ́yìn ẹ̀rọ 2. Mo ní bóyá tiyín ni. Kò ní kọ́kọ́rọ́."

Ó gbé àgàdágodo kékeré náà, tòun ti òwú dúdú tó wé e, lé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Aláìgbàgbé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ pa dé mọ́ àgàdágodo náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè, ìka méjì pàdé nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń yí, wọ́n ń yí, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ tí kò sí níbẹ̀.

"Àga," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí lẹ wí, Bàbá wọn?"

"Àga!"

"Orí àga lẹ kúkú wà."

Ó dìde, ó dojú àga tó wà lórí rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tú abẹ́ rẹ̀. Ó tú ti ìyàwó rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, obìnrin náà sì dìde fún un. Ojú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì náà ń ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá àánú ni tàbí ohun mìíràn.

"Ó mà jọ pé àga ọ́fíìsì ló ń wá," ó ní jẹ́jẹ́. "Èyí tó ya yẹn. Háà. Màámi ní kí n má jókòó lé e. Láàárọ̀ yìí ni mo ní kí àwọn akólẹ̀ gbé e lọ."

Níta, ọkọ̀ akólẹ̀ kan kọjá lójú títì, ó ń dún lọ bọ́rọ́bọ́rọ́. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Ìyàwó di ọkọ rẹ̀ mú. Nínú ìkúùkù rẹ̀ tó dì pinpin, tàbí nínú yàrá tí àwọn ọmọ wà, nǹkan kan húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ó wà láàyè títí dòní. Kò dá ẹnikẹ́ni láàmú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í là. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá mú un dé, kò ní jókòó títí yóò fi kúnlẹ̀, tí yóò fi ìka méjì wá abẹ́ gbogbo àga tó wà níbẹ̀, níkọ̀ọ̀kan, lápá òsì.